Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣèrànwọ́ Níbi Ìdíje Kẹ̀kẹ́ Emporia Nígbà Tí Ojú Ọjọ́ Kò Ṣeé Fọkàn Tán

Ìparí oṣù karùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni ìdíje Unbound Gravel máa ń wáyé nílùú Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tó lókìkí jù níbẹ̀ gùn tó 200 máìlì, nǹkan bí 320 kìlómítà, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà. Lásìkò yẹn, oòrùn lè mú ganrínganrín lọ́sàn-án, kí àrá ti máa sán kó tó di ìrọ̀lẹ́. Pápá gbalasa ni Flint Hills, agbègbè tí ọ̀nà náà gbà kọjá, igi ò pọ̀ níbẹ̀. Torí náà, ẹ múra oòrùn, ẹ múra òjò, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèrànwọ́ ní ibùdó ojú ọ̀nà kì í ṣe omi pípín. Kíkọ nọ́ńbà àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó bá kọjá sílẹ̀ ni.

Bí ìjì bá dé, tí fóònù ò gbé nẹ́tíwọ́kì mọ́, ìwé yín ló máa sọ ẹni tó ti kọjá àti ẹni tó ṣì wà nínú pápá. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú dání, torí báírò kì í kọ sórí ìwé tútù. Ẹ fi ìwé náà sínú ọ̀rá. Ẹrẹ̀ máa ń bo nọ́ńbà tó wà níwájú kẹ̀kẹ́, nítorí náà ẹ gbé báàkẹ́tì omi àti àkísà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ nù ún kí ẹ tó kọ. Ẹ má méfò: lábẹ́ ẹrẹ̀, 136 àti 186 ò yàtọ̀ síra. Ẹ kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fa igi yí nọ́ńbà ẹni tó bá ní òun ò lọ mọ́ ká. Nígbà tí àkókò bá tó láti ti ibùdó, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín wé ti ibùdó tó ṣáájú. Ẹni tó kúrò níbẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi tó àwọn alákòóso létí lójú ẹsẹ̀. Ẹ má lọ sílé kí wọ́n tó rí i.

Ní ti omi, ká ní 300 èèyàn ló máa gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Bí oòrùn bá mú, ẹ ṣírò lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: lítà 600 nìyẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 19 bíi 32. Ẹ wá nǹkan oníyọ̀ kún un, torí ẹni tó ń mu omi lásán ṣáá lè sọ iyọ̀ ara rẹ̀ di díẹ̀, kí orí máa fọ́ ọ, kó sì máa bì.

Kánópì ló máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Òkúta ò jẹ́ kí èèkàn wọlẹ̀, atẹ́gùn Kansas sì le. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílò ẹrù tó tó kílò 18. Kẹ́ẹ̀gì omi tó kún lè ṣe é, àmọ́ ẹ má fi èyí tí wọ́n ń bù mu so ó, torí bí omi ṣe ń tán ni kánópì ń fúyẹ́. Bí ìjì bá ti ń ṣú bọ̀, ẹ tú u palẹ̀.

Lọ́dún 2023, kò pẹ́ tí wọ́n gbéra tí ẹrẹ̀ fi mú wọn, tí ọ̀pọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn. Amọ̀ ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ táyà, àwọn agunkẹ̀kẹ́ sì máa ń fi wé ẹ̀pà lílọ̀. Yóò dí àárín táyà àti férémù títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò fi ní yí mọ́. Ẹni tó bá fipá tẹ pẹ́dà nígbà náà, derailleur, irin tó ń gbé ṣéènì láti orí jíà kan sí òmíràn, ló máa kán. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́. Ní ibùdó, ẹ to igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ro ọ̀dà sílẹ̀ fún híha ẹrẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti òróró ṣéènì.

Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ẹ wọlé. Kánópì kì í ṣe ilé. Ọkọ̀ onírin tí wínńdò rẹ̀ wà ní títì sàn jù ú lọ fíìfíì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn ni kí ẹ tó jáde. Ibi tí odò bá ti kún bo ọ̀nà, ẹ dá àwọn èèyàn dúró: omi tó ń ṣàn kíkankíkan, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

Ẹ máa wo ojú wọn, ẹ sì máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ pe 911, kí ẹ sì máa da omi tútù àti yìnyín sí i lára láìdúró de ọkọ̀ aláìsàn. Ẹni tí òjò pa, tó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun ṣùgbọ́n tí ìka rẹ̀ ò lè fa síìpù, ẹ má jẹ́ kó lọ. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi ìbora gbígbẹ wé e, kí ẹ fún un ní tíì gbígbóná tó ní ṣúgà.

Nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́, ẹ ṣa gbogbo ọ̀rá kúrò nínú koríko, torí màlúù ń jẹ̀ níbẹ̀. Géètì tí ẹ bá ní títì, títì ni kí ẹ fi í sílẹ̀.