Ìrírí Mi: Bí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Olówó Pọ́ọ́kú Mi Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Gbé Géèmù

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo rà kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún géèmù rárá. Iṣẹ́ kíkọ àti ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo rà á fún, owó ọwọ́ mi kò sì tó ra èyí tí ó ní káàdì graphics (ẹ̀yà tí ń ya àwòrán) tirẹ̀. Core i5-1135G7 ni processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí ó wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 8 GB, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 1920 × 1080. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi pé mo fẹ́ máa fi gbá géèmù lẹ́yìn iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, kò lè gbé e." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, mo sì pinnu pé n ó fi ojú ara mi rí i kí n tó gbà.

GTA V, géèmù tí a ti ń wakọ̀ káàkiri ìlú, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ díẹ̀, ọdún 2015 ni ó jáde fún kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kì í ṣe ẹrù fífúyẹ́, ó sì ní ìdánwò tirẹ̀ nínú tí ń sọ iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo fi ojú ìwòran sí 1920 × 1080, mo fi gbogbo ètò yòókù sí Normal, mo sì jókòó tì í. Ìpíndọ́gba tí mo rí jẹ́ 29. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà yẹn nìkan lè rò pé ó ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọkọ̀ jáde tí mo sì yà ní ìkóríta, àwòrán náà dúró gbagidi, ó tún fò síwájú lójijì, ó tún dúró, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń kólòlò. Nígbà tí yóò fi tẹ̀ síwájú, mo ti kọlu ògiri.

Mo lọ wo Device Manager, ibi tí Windows ti ń to orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, bóyá driver (ètò tí ń darí graphics) ni ó fà á. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni "Intel UHD Graphics", bẹ́ẹ̀ Iris Xe, tí ó lágbára jù ú lọ, ni wọ́n kọ sí ara páálí tí kọ̀ǹpútà náà wà nínú rẹ̀. Mo gbà pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mo tilẹ̀ ti kọ lẹ́tà gbígbóná sí ẹni tí ó tà á fún mi, díẹ̀ ni ó kù kí n fi ránṣẹ́, kí n tó ṣí Task Manager, èyí tí ń fi ohun tí kọ̀ǹpútà ń lò hàn, tí mo tẹ Performance, tí mo sì tẹ Memory. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ihò RAM méjì ni kọ̀ǹpútà náà ní, àti pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi nǹkan sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Graphics tí ó wà nínú processor kò ní ìrántí tirẹ̀. Inú RAM tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò ni òun náà ti ń bù, bí ayálégbé tí òun àti onílé jọ ń lo kànga kan. RAM DDR4 oníyára 3200, bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò lè gbé ju 25.6 GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá di méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó di 51.2 GB. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni tèmi ní. Intel fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí graphics náà jẹ́ orúkọ Iris Xe àfi bí RAM bá ń gba ọ̀nà méjì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, UHD ni yóò máa pe ara rẹ̀. Mo pa lẹ́tà mi rẹ́.

Mo ra RAM 8 GB kejì, DDR4 oníyára 3200 bíi ti àkọ́kọ́. Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo yọ ṣájà, mo sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Àwọn ìdè (screw) ẹ̀yìn rẹ̀ kò gùn dọ́gba, nítorí náà mo ya àwòrán ẹ̀yìn náà sórí ìwé, mo sì ń to ìdè kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀ bí mo ṣe ń tú u. Mo fi káàdì ike tín-ín-rín ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo yọ okùn bátìrì, mo fọwọ́ kan irin kí iná ara mi má bàa ba nǹkan jẹ́, mo ki RAM náà bọ ihò ní ìdagẹ̀rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Mo dì í padà, mo tàn án. Iná ṣájà tàn, fáànù ń kùn, ojú rẹ̀ dúdú bí òru. Àyà mi já. Nígbà tí mo tún un tú, mo rí i pé díẹ̀ nínú góòlù etí RAM náà ṣì ń yọ síta. N kò tì í wọlé tó. Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í, mo sì tẹ̀ ẹ́ títí mo fi gbọ́ "kẹ́" lọ́tùn-ún àti lósì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tàn, ṣùgbọ́n ó tàn, Device Manager sì ń pè é ní Iris Xe.

Ìdánwò kan náà, ètò kan náà, ìpíndọ́gba di 46. N kò yí ohun mìíràn padà. (Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ wádìí dáadáa o: nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó, kò sì sí ihò tí a lè fi òmíràn sí.)

Lẹ́yìn èyí ni mo tó dojú kọ ètò inú géèmù. Ojú ìwòran 1920 × 1080 ní píksẹ́lì 2,073,600, nígbà tí 1280 × 720 ní 921,600, èyí tí kò tó ìdajì. Iṣẹ́ náà fúyẹ́ púpọ̀ ní 720, àmọ́ ọ̀rọ̀ ara máàpù ń ṣe bàìbàì, ojú sì ń ro mí, nítorí náà 1600 × 900 ni mo fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí. Mo dín òjìji kù, mo pa MSAA (èyí tí ń mú etí àwòrán dán) pátápátá, mo dín koríko kù. N kò fọwọ́ kan texture (àwọ̀ àti ìrísí ara nǹkan), nítorí àyè nínú RAM ni ó ń gbà ju agbára lọ, RAM mi sì ti di 16 GB. Ó ń dé 60 dáadáa.

Mo ti ń yọ̀ kí ooru tó dé. Bí ìṣẹ́jú méjìlá lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà náà já sí 38, ó tún gòkè, ó tún já. HWiNFO, ètò tí ń wọn ooru kọ̀ǹpútà, fi hàn mí pé ooru processor ti kọjá 90°C, àti pé kọ̀ǹpútà náà ti dín iná tí ó ń jẹ kù láti 28 wáàtì sí 15. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé e lé, ihò atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀ sì ti dí. Mo gbé e sórí tábìlì, mo fi ìwé méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, mo sì fi RivaTuner, ètò tí ń fi òpin sí iye àwòrán, dá a dúró sí 45 kí ó má bàa máa sá eré tí kò lè sá pẹ́. Àwọn kan yóò ní 30 ni ó dára jù fún ojú kọ̀ǹpútà tí ń yí àwòrán padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (60 Hz), nítorí pé àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò dúró fún àkókò tí ó dọ́gba, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n 30 ń lọ́ra lójú mi nígbà tí mo bá ń wakọ̀, mo sì yàn láti fara da àìdọ́gba díẹ̀. Láìsí ṣájà, kò sí èyí tí ó dára nínú méjèèjì.

Mo dán àwọn mìíràn wò. Stardew Valley kò ni kọ̀ǹpútà náà lára rárá. Valorant kọjá 60 láìsí wàhálà. Cyberpunk 2077 ni n kò lè bá ṣe: mo fi sí 720, mo fi gbogbo rẹ̀ sí Low, mo tan FSR (èyí tí ń fẹ àwòrán kékeré di ńlá), síbẹ̀ ó ń rákò láàárín 20 sí 25, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì dà bí ẹni tí a ń wò láti inú omi. Mo yọ ọ́ kúrò ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí àbúrò mi padà wá, ó gbá GTA V fún bí ìdajì wákàtí. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó bi mí pé káàdì wo ni mo fi sí i. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó mú tirẹ̀ jáde nínú báàgì, a sì jọ ṣí Task Manager. Ihò méjì, RAM ẹyọ kan.