Bí mo ṣe la ọ̀nà ìrìn wákàtí mẹ́ta ní Bijlmer, Amsterdam

Bijlmer, ní gúúsù ìlà-oòrùn Amsterdam, kì í ṣe àdúgbò tí èèyàn ń fi mọ́tò wò. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, òkè ni wọ́n ní kí mọ́tò máa gbà, lórí ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ ga, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ máa gba ìsàlẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kò ní rí ju igi àti òrùlé lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi la ọ̀nà tí mo fẹ́ máa mú àlejò gbà: wákàtí mẹ́ta, oúnjẹ wà nínú rẹ̀.

Kí n tó jáde, mo kọ́kọ́ wọ àkójọ àwòrán Stadsarchief, ilé ìkówèépamọ́ ìlú Amsterdam, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni wíwò. Má kàn tẹ “Bijlmer” síbẹ̀, àwòrán tó máa jáde á pọ̀ jù. Orúkọ ilé gan-an ni àdírẹ́ẹ̀sì níbẹ̀: Hoogoord, Kleiburg, Kruitberg, Groeneveen. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń sọ ìsọ̀rí tí ilé wà, G pẹ̀lú G, K pẹ̀lú K. Ilé tí wọ́n ti wó kò sí lórí máàpù òní mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwòrán. Ohun tó máa ń ṣini lọ́nà jù ni ilé tó pààrọ̀ orúkọ. Gliphoeve, tí àwọn ará Suriname, ilẹ̀ South America tí Netherlands ń ṣàkóso nígbà náà, fipá wọ̀ ní 1974 nítorí pé wọn kò rí ilé gbà nígbà tí yàrá ṣófo sílẹ̀ rẹpẹtẹ, ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì sọ di Geldershoofd àti Gravestein. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wá ilé mẹ́ta. Mo tẹ àwòrán mẹ́jọ sórí bébà, torí fóònù kì í hàn dáadáa nínú oòrùn.

Láti Amsterdam Centraal, mẹ́tírò 54 tó ń lọ sí Gein ni mo wọ̀, mo sì sọ̀ ní Bijlmer ArenA. Mẹ́tírò 53 náà ń wọ Bijlmer, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń pínyà lẹ́yìn Van der Madeweg. 53 ń gba Ganzenhoef àti Kraaiennest. 54 ni mo fi lọ, 53 ni mo fi bọ̀, kí a má baà tẹ ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì báǹkì tó láti kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí oníkálukú mú tirẹ̀ dání, torí káàdì kan kì í gbé èèyàn méjì. Ohun tí o bá fi wọlé ni kí o fi jáde: bí o bá fi fóònù wọlé tí o fi káàdì jáde, ìrìn àjò méjì tí kò parí ni ẹ̀rọ kà á sí, owó á sì lọ.

Láti ibùdókọ̀ a gba inú ọjà Amsterdamse Poort dé Anton de Komplein. Mi ò dúró pẹ́ nínú ọjà. Anton de Kom, ọmọ Paramaribo tó kọ̀wé tako ìjọba amúnisìn, tó sì kú sí àgọ́ àwọn Nazi ní 1945, ni wọ́n fi sọ gbàgede yẹn. Ìhòòhò ni wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 2006, ọ̀pọ̀ ará àdúgbò sì fárígá: wọ́n ní ọkùnrin tó máa ń wọ kóòtù ni.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀, torí àyè ìjókòó wà. Adágún ni Bijlmermeer kí wọ́n tó fa omi rẹ̀ gbẹ ní ọ̀rúndún 17. Ní December 1966 ni wọ́n ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ní 1968 àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọ Hoogoord. Siegfried Nassuth ló ṣáájú àwọn tó ya àwòrán rẹ̀: ilé gàgàrà tó kọ igun bí afárá oyin, ọgbà gbalasa láàárín wọn. Ṣùgbọ́n owó ilé wọ́n, ṣọ́ọ̀bù kò tètè dé, mẹ́tírò kò sì wọlé àfi 1977. Àwọn ìdílé tí wọ́n ń retí wá ilé tó ní ilẹ̀ tirẹ̀ lọ síbòmíràn. Suriname gba òmìnira ní November 1975, yàrá sì wà nílẹ̀ ní Bijlmer, ni ọ̀pọ̀ ará Suriname bá kó wá síbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Ghana àti àwa ará Nàìjíríà ń dé.

Nelson Mandelapark ló kàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Kwaku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdíje bọ́ọ̀lù ni ní 1975. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ kí Yorùbá gbọ́ dáadáa: Kwaku ni àwọn Akan, ẹ̀yà kan ní Ghana, ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní Wednesday, bí àwa náà ṣe ní Àìná àti Òjó tí ọmọ mú tọ̀run wá. Ọjọ́ Wednesday, July 1, 1863, ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Suriname, ìdí nìyẹn tí àjọ̀dún náà fi ń jẹ́ Kwaku. Orúkọ Akan kọjá òkun, ó sì padà bá àwọn Akan gan-an ní Amsterdam.

Láti ibí lọ, mo ní kí àlejò máa wo bí ojú títì ṣe ga sí. Níbi tí títì ṣì wà lókè orí wa, bíi Gooiseweg, àwòrán ìkọ́lé 1966 ni a wà nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, bíi Bijlmerdreef, àtúnṣe ìgbà tí wọ́n ń wó ilé gàgàrà tí wọ́n ń kọ́ kéékèèké ni. Kí wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn pẹ̀lú: ọ̀nà ọ̀dà pupa, ti kẹ̀kẹ́ ni, oníkẹ̀kẹ́ kì í sì í yà.

Kleiburg gùn tó 400 mítà, alájà 11, fúláàtì bíi 500. Ní Yúrò kan péré ni wọ́n tà á nígbà tí wọ́n fẹ́ wó o. Àwọn tó rà á tún ara ilé ṣe, wọ́n sì ta fúláàtì lófìfo kí oníkálukú lọ fi ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀ sí i. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: yàrá ìkẹ́rùsí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ògiri tí kò lójú, tó ń ba èèyàn lẹ́rù lálẹ́. Wọ́n kó o kúrò, wọ́n fi gíláàsì àti ilé gbígbé dípò. Ó gba ẹ̀bùn Mies van der Rohe, ẹ̀bùn iṣẹ́ ìkọ́lé ti Yúróòpù, ní 2017.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibẹ̀ ni igi tí wọ́n ń pè ní “igi tó rí ohun gbogbo”. Ní October 4, 1992, ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù ti El Al, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Israel, já lu Groeneveen àti Klein-Kruitberg. Ènìyàn 43 ló kú, mẹ́rin nínú wọn wà nínú ọkọ̀. Àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú wà nínú àdánù náà, ìyẹn ló mú kí kíka òkú nira. Àwòrán méjì ni mo ń fi hàn níbí, mi ò sì ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Má ṣe ya sẹ́lífì.

A jẹun nítòsí Kraaiennest: wáàkye, ìrẹsì òun ẹ̀wà àwọn ará Ghana, tàbí bakabana, dòdò tí wọ́n rì sínú ìyẹ̀fun pípò kí wọ́n tó dín in, tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ẹ̀pà jẹ. Bí ó bá jẹ́ Sunday, a tún sọ̀ ní Ganzenhoef láti gbọ́ orin ní De Kandelaar, ilé tí wọ́n kọ́ fún ọ̀pọ̀ ìjọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìgbọ́kọ̀sí ni ọ̀pọ̀ ìjọ adúláwọ̀ ti ń jọ́sìn tẹ́lẹ̀, torí owó rẹ̀ kò wọ́n, ariwo wọn kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nínú 53 tí ń padà sí Centraal, ẹnìkan á máa bi mí pé ẹ̀wọ̀n Bijlmer ńkọ́. Mo ń nawọ́ sí i nígbà tí a bá dé Spaklerweg. Wọ́n ti ilé ẹ̀wọ̀n náà pa ní 2016, kò sì sí ní Bijlmer rí.