Ẹ Yé Bẹ̀rẹ̀ Ẹjọ́ Ross àti Rachel Láti Òru Ọjọ́ Yẹn: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Láti oṣù Kejì ọdún 1997 ni àwọn tó fẹ́ràn Friends, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́: lóru ọjọ́ tí Ross bá obìnrin mìíràn sùn, ṣé òun àti Rachel ṣì ń fẹ́ra wọn ni, àbí wọ́n ti fún ara wọn láyè? Ẹni tó bá ní wọ́n ti fún ara wọn láyè, Ross jàre lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní rárá, ọ̀dàlẹ̀ ni Ross. Èmi ò rò pé ìbéèrè yẹn ló yẹ ká máa bèèrè. Ṣe là ń fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Kí òru yẹn tó dé, ìgbẹ́kẹ̀lé ti tán láàárín àwọn méjèèjì. Àwa tí à ń wò wọ́n ni a ò kà á sí.

Má ṣe fi owú ṣe ẹ̀rí ìfẹ́

Ọ̀dọ̀ Mark ló yẹ kí ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Rachel ti fi iṣẹ́ kọfí tí kò wù ú sílẹ̀, iṣẹ́ aṣọ àti oge ló ń wá. Mark gbọ́ sí i, ó sì la ọ̀nà fún un wọ Bloomingdale's, ilé ìtajà ńlá kan ní New York tí òun náà ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ọkàn Ross ò ti balẹ̀ mọ́. Ó fi òdòdó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Rachel. Ó tún rán akọrin mẹ́rin síbẹ̀, kí wọ́n kọrin fún un níṣojú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Orin náà kí i kú oríire iṣẹ́ tuntun, àmọ́ ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé ó ní ọ̀rẹ́kùnrin, Ross sì ni orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ibẹ̀ yẹn, wọ́n á ní ìfẹ́ ló ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò dáadáa. Rachel kọ́ ni wọ́n kọ orin yẹn fún. Mark ni Ross fẹ́ kó gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀bùn yẹn, iṣẹ́ ọdẹ ló rán wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Rachel lẹ́nu iṣẹ́ tó ti ń wù ú látọjọ́ yìí nìyẹn, ohun tó sì gbọ́ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé, "Mi ò fọkàn tán ọ." Ó dùn mí gan-an fún un. Tó bá jẹ́ pé o máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí olólùfẹ́ rẹ, tí ò ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n, tí ò ń yà níbi iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, má ṣe pè é ní ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé o ń ṣọ́ òun.

Mo mọ̀ pé ọgbẹ́ wà lára Ross. Carol tó kọ́kọ́ fẹ́ fi í sílẹ̀, ó lọ bá Susan, Ross ò sì fura títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sórí. Ó yẹ ní kíkáàánú. Ṣùgbọ́n gbèsè tí Carol jẹ ló ń sin lọ́wọ́ Rachel, ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Tí ẹni àtijọ́ bá ti já ọ kulẹ̀, jókòó, kí o sọ fún ẹni tuntun pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ross ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ Mark ló ń sọ ní gbogbo ìgbà.

Má ṣe sọ ara rẹ di agbẹjọ́rò nínú ìfẹ́

Lọ́jọ́ tí ìfẹ́ wọn pé ọdún kan, iṣẹ́ há Rachel mọ́ ọ́fíìsì. Ó sọ fún Ross pé òun ò ní lè wá. Ross gbé agbọ̀n oúnjẹ, ó lọ bá a níbẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n délé, ìjà bẹ́, orúkọ Mark tún jáde. Ó sú Rachel, ó ní kí wọ́n fún ara wọn láyè, Ross sì jáde lọ. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì pé ọjọ́ mélòó ni, tàbí kí ni wọ́n lè ṣe, kí ni wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe. Nígbà tó yá, Ross pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú, ló bá gbọ́ ohùn Mark nínú ilé. Mark wá tu Rachel nínú ni. Ross gbé fóònù sílẹ̀, ó bá Chloe, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé, jó, ibẹ̀ ló gbà lọ. Òun ni obìnrin tó bá sùn lóru ọjọ́ yẹn.

"A ti fún ara wa láyè nígbà yẹn" ló fi ń gbèjà ara rẹ̀ láti ìgbà náà. Ká tiẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. Ṣé ìyẹn ni Rachel ń bi í? Ohun tí Rachel fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe rọrùn fún un tó bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kan náà tó mọ́. Òfin kankan ò lè dáhùn ìyẹn.

Àwọn kan á wá ní ká pín ẹ̀bi sí ọgbọọgba kí gbogbo ẹ̀ lè parí. Lóòótọ́, agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kò sọ ẹ̀bi wọn di ìkan náà. Rachel fi ìbínú sọ ọ̀rọ̀ ńlá, tiẹ̀ nìyẹn. Pé ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí Ross fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ṣe, ti Ross ni.

Má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíì sọ ọ́ fún un

Ross fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Chandler àti Joey, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ní kó má dán an wò; kó kàn dí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà dé etí Rachel ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Chloe ti sọ fún Isaac tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Isaac ti sọ fún Jasmine, arábìnrin rẹ̀. Jasmine ti sọ fún Gunther tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé kọfí. Nígbà tí Ross fi máa bẹ Gunther pé kó pa ẹnu mọ́, ó ti sọ fún Rachel tán.

Mi ò sọ pé Rachel ì bá dárí jì í ká ní ẹnu Ross ló ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ì bá ní nǹkan kan tó lè dì mú: ẹni yìí ṣẹ̀ mí, àmọ́ kò purọ́ fún mi. Ross fi gbogbo òwúrọ̀ kan gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì yẹn kò kéré lójú mi.

Má ṣe gba ẹ̀bi tí o kò kà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹrin, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, Rachel kọ lẹ́tà ojú ewé 18, tojú tẹ̀yìn, ó ní bí Ross bá gba gbogbo ẹ̀bi, àwọn á padà. Oorun gbé Ross lọ níbi tó ti ń kà á. Rachel bi í bóyá ó gbà, ó ní òun gbà. Wọ́n padà. Nígbà tó wá ka ohun tó gbà, inú bí i, kò sì pẹ́ tó fi bú jáde, ìfẹ́ náà tún fọ́. Rachel fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ru ohun tí ẹni méjì dá sílẹ̀. Ross fi ẹnu lásán gbà á. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹni tó ń bẹ̀ kò mọ ohun tó ń bẹ̀ lé lórí, ìjà tuntun ló ń bí.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ ara wọn ní apá ìkẹyìn eré náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2004, inú ọ̀pọ̀ wa sì dùn pé ẹjọ́ ti parí. Ìyẹn náà, àṣìṣe ni. Ìlú Paris ni Rachel ń lọ, iṣẹ́ aṣọ ló sì ń gbé e lọ. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú nítorí Ross. Iṣẹ́ Rachel ni Ross kò fọkàn tán ní 1997, iṣẹ́ Rachel náà ni wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó lè wà pọ̀ ní 2004. Bóyá Ross ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ sílé nígbà tí olólùfẹ́ rẹ̀ bá ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, eré náà parí kí wọ́n tó dán an wò.