Àwòrán 84, ọjọ́ 9: bí mo ṣe fi AI ṣírò ilé oní-dẹ́kìn mẹ́ta

Àwòrán 84 ni wọ́n kó fún mi, ọjọ́ 9 ló sì kù kí a fi iye owó tí a ó fi kọ́ ilé náà sílẹ̀ láti fi du iṣẹ́ náà. Ilé oní-dẹ́kìn mẹ́ta ni, ó ní lífíìtì, gbọ̀ngàn ńlá kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tánkì omi sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Irú iṣẹ́ báyìí máa ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo bá fẹ́ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Mo wá pinnu pé n ó jẹ́ kí AI bá mi gbé e.

Kí n tó gbé ohunkóhun sórí ẹ̀rọ, mo kọ̀wé sí ẹni tó ni ilé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbà, ó ní kí n ṣáà yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò lára àwòrán. Ó gbà mí ní ìdajì ọjọ́, ṣùgbọ́n n kò lè fojú fo ìyẹn, torí àwòrán kì í ṣe tèmi.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fún AI ni kí ó to àwọn àwòrán náà jọ: nọ́ńbà wọn, ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́, ọjọ́ tó wà lórí wọn, àti ohun tí wọ́n ń fi hàn. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, níbo ni àwọn àwòrán yìí ti ń ta ko ara wọn? Nínú gbogbo ohun tí mo bi í lórí iṣẹ́ yìí, ìbéèrè yẹn ló ṣe mí lóore jù. Ayàwòrán ilé kọ mílímítà 150 sí nínípọn dẹ́kìn. Ẹ̀ńjínníà ti sọ ọ́ di 175 nínú ẹ̀dà tuntun tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó padà lọ tún ti ayàwòrán ilé ṣe. Èmi náà ti wo àwòrán méjèèjì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, n kò sì rí i.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe tó. Dẹ́kìn kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 32, ó fẹ̀ ní 18. Tí a bá yọ ihò àtẹ̀gùn méjì àti ti lífíìtì kúrò, mítà onígun mẹ́rin 536 ló kù. Tó bá nípọn ní 150, kọnkéré rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 80.4. Tó bá jẹ́ 175, ó di 93.8. Lórí dẹ́kìn mẹ́ta, kúbíìkì mítà 40.2 ni ì bá jábọ́ kúrò nínú ìwé wa. Mo kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí ẹ̀ńjínníà, ó sì dáhùn lọ́jọ́ náà pé 175 ni.

Nígbà tó kan wíwọ̀n gan-an, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo ní kí AI wọn gbogbo kọnkéré fún mi, ó sì gbé tábìlì kan tó mọ́ tónítóní jáde, kò sí ibi tí kò kún. Mo mú dẹ́kìn kan níbẹ̀, mo tún un wọ̀n fúnra mi. AI ti sọ 32 di púpọ̀ lọ́nà 18, ó kọ 576, kò sì yọ ihò kankan. Mítà onígun mẹ́rin 40 ló fi kọnkéré dí, níbi tí àtẹ̀gùn àti lífíìtì yóò gbà kọjá. Ìyẹn jẹ́ kúbíìkì mítà 7 lórí dẹ́kìn kan, 21 lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ojú ìwé mìíràn, ó fi òṣùwọ̀n 1:100 (sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dúró fún mítà kan) wọn ògiri kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bébà A1 ni wọ́n ya àwòrán náà sí kí wọ́n tó sọ ọ́ di A3, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti A1, ohun tó jẹ́ 1:100 ti di 1:200. Ògiri náà sì dín sí ìdajì.

Mo pa tábìlì náà rẹ́, mo sì fi òfin lélẹ̀. AI kò gbọ́dọ̀ fún mi ní nọ́ńbà kankan láìsọ ojú ìwé tó ti rí i. Gígùn tí wọ́n bá kọ sórí àwòrán nìkan ni kí ó mú; èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kí ó kọ “kò sí”, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún mi. Kò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò rárá: kí ó kó gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn sínú Excel, kí Excel sọ wọ́n di púpọ̀. Irú AI tí à ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ló ń wá. Nítorí náà, ó lè kọ iye tí kò tọ̀nà pẹ̀lú ìdánilójú kan náà tó fi ń kọ èyí tó tọ̀nà. Láti ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kò tán, ṣùgbọ́n mo ń rí wọn, nítorí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ibi tí mo lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Irin ló gba àkókò mi jù. Gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí la mọ ìṣirò náà: ẹ sọ ìbú irin ní mílímítà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ fi 162 pín in, ìwọ̀n mítà kan ní kìlógíráàmù nìyẹn. Irin 10 jẹ́ 0.62, irin 12 jẹ́ 0.89, irin 16 jẹ́ 1.58. Bébà tí wọ́n yà ní fọ́tò ni ìwé irin àwọn pílà, kò mọ́lẹ̀ dáadáa, AI sì ka irin 16 sí 10 níbi púpọ̀. N kì bá tí mọ̀ tí kì í bá ṣe pé mo fi kọnkéré inú àwọn pílà pín ìwọ̀n irin wọn. Kìlógíráàmù 71 ló jáde fún kúbíìkì mítà kan. Nínú àwọn ilé oní-dẹ́kìn tí mo ti ṣe, n kò rí pílà tó wà lábẹ́ 120 rí. Mo padà sí ìwé náà, mo sì ka gbogbo ìlà rẹ̀ fúnra mi.

Lórí gígé irin, ẹ̀wẹ̀, AI ṣe bẹbẹ. Irin mítà 12, tí a bá gé 4.2 nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 3.6 ló máa ṣẹ́kù. Ó bá mi wá gbogbo ibi tí a ti nílò 3.5 nínú ilé náà, ó sì so wọ́n pọ̀ mọ́ àjẹkù wọ̀nyẹn. Èèyàn lè fi ọjọ́ méjì ṣe irú rẹ̀ kí ó má sì ṣe é dáadáa bẹ́ẹ̀.

Iye owó ọjà, n kò bi í. Àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì, irin àti òkúta ni mo bi, mo sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó kù ni iye tí a ó fi kún un nítorí ohun àìròtẹ́lẹ̀. Gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ la máa ń rò pé iṣẹ́ yóò lọ geere ju bó ṣe ń lọ. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, ti kọ̀wé nípa irú èrò bẹ́ẹ̀ ní 1979, Bent Flyvbjerg, olùwádìí lórí àwọn iṣẹ́ ńláńlá, sì mú un wọ inú iṣẹ́ ìkọ́lé: ẹ má wo inú iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ nìkan, ẹ wo bí àwọn tó jọ ọ́ ṣe parí. Sydney Opera House, gbọ̀ngàn eré ńlá ní Ọsirélíà, mílíọ̀nù 7 dọ́là Ọsirélíà ni wọ́n kọ́kọ́ fojú bù ú sí. Ìgbà tí yóò fi ṣílẹ̀kùn ní 1973, ó ti gba mílíọ̀nù 102. Mo ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ 11 tí a ti parí, iye tí a sọ àti iye tó ná wa gan-an. AI tò wọ́n fún mi ní ẹ̀ka-ẹ̀ka. A rí i pé ibi iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni iye tí a sọ ti máa ń kéré jù sí ohun tó ná wa, kì í ṣe ohun tó wà lókè. Iye tí mo fi kún ti tánkì àti ìpìlẹ̀ pọ̀ ju ti ìyókù lọ nítorí ìyẹn.

A gba iṣẹ́ náà. Ètò ọjọ́ iṣẹ́ ló kàn. Ọ̀nà Critical Path, èyí tí iléeṣẹ́ DuPont àti Remington Rand bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ni à ń lò títí di òní: ẹ wá ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ìdádúró ọjọ́ kan lórí rẹ̀ yóò fi ọjọ́ kan kún gbogbo ilé. AI kọ ètò náà jáde kíákíá, ṣùgbọ́n ohun méjì níbẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ó ní ká ra lífíìtì lẹ́yìn tí a bá parí ihò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù púpọ̀ ló ń gbà kí wọ́n tó ṣe é dé. Ó tún ní ká yọ àwọn òpó irin tó gbé dẹ́kìn àkọ́kọ́ ró ní ọ̀sẹ̀ tí a ó da ìkejì. Kọnkéré tútù 93.8 kúbíìkì mítà wúwo tó tọ́ọ̀nù 225, orí èyí tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò sì gbà kọjá. Mo gbé e lọ bá ẹ̀ńjínníà, òun ló sọ iye ọjọ́ tí òpó gbọ́dọ̀ fi dúró.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, alábòójútó sáìtì wa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù lálaalẹ́, AI ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń gbé e kọ ètò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, AI kọ pé pílà ti parí. Mo pe alábòójútó náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo pílà náà ti dúró?”

“Wọ́n ti parí o, ó ku mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ lífíìtì.”

Nínú ohùn rẹ̀, “ó ku mẹ́rin” wà níbẹ̀. AI ló fò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ “parí” mọ́. Mélòó ni a ṣe, mélòó ló kù, nọ́ńbà méjì péré, kí fọ́tò sì tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Ìròyìn alaalẹ́ rẹ̀ ti wá mọ́ débi pé kì í gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti kà.

Lọ́jọ́ tí a da dẹ́kìn kẹta, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ń ka ìwé ọkọ̀ kọnkéré kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé. Kúbíìkì mítà 96 ni gbogbo rẹ̀. Ìwé mi sọ 93.8, mo sì ti fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ohun tó máa ṣòfò, ìyẹn 98.5. Mo kọ 96 sílẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kejìlá.