Ẹ má jẹ́ kí iye tí ẹ ń san lórí káàdì gbèsè máa dín kù
Ẹ̀yin ará wa láti Àjàṣẹ́ àti Kétu tí ẹ ń lo káàdì gbèsè (káàdì tí báńkì fi ń yáni lówó ra nǹkan) ní Amẹ́ríkà, bí ó bá jẹ́ pé iye tó kéré jù tí báńkì ń béèrè lóṣù ni agbára yín ká, ẹ kọ iye ti oṣù yìí sílẹ̀, kí ẹ sì máa san án lóṣooṣù láìdín in kù, kódà bí báńkì bá ń béèrè ohun tó rẹlẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ báńkì níbẹ̀ ń ṣírò iye yìí nípa ríro èlé oṣù pọ̀ mọ́ ìdá 1 nínú 100 gbèsè, nítorí náà, bí gbèsè ti ń dín kù ni ohun tí wọ́n ń béèrè ń dín kù, tí sísan rẹ̀ á sì máa falẹ̀. Bí gbèsè bá jẹ́ 2,000 dọ́là, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 24 nínú 100 lọ́dún, 60 dọ́là ni wọn yóò béèrè, èlé nìkan yóò sì gbé 40 lọ nínú rẹ̀, owó tí à bá fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó di 60 náà mú ṣinṣin yóò bọ́ nínú gbèsè ní oṣù 56. Ẹni tó ń dín owó tó ń san kù bí báńkì ti ń dín in kù yóò ṣì jẹ gbèsè tó ju 1,100 dọ́là lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò kan ẹni tó ṣì ń fi káàdì náà ra nǹkan.