Bó o ṣe lè kọ ewì fún èèyàn ẹ tó ti lọ

Tí wọ́n bá ní kó o kọ ewì fún èèyàn ẹ tó kú, jọ̀ọ́ má kọ́kọ́ kọ "ikú ò dáa" sórí ìwé. Gbogbo wa la mọ̀yẹn. Ohun tá ò mọ̀ ni pé màmá ẹ máa ń di owó sí etí ìró, wọ́n á ta á ní kókó mẹ́ta, tí wọ́n bá wá fẹ́ fún ẹ lówó mọ́tò, eyín ni wọ́n fi ń tú u. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Mú fóònù ẹ, kọ nǹkan bíi mẹ́wàá tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń ṣe é: bó ṣe ń húkọ́ kó tó wọlé, orúkọ tó ń pè ẹ́ tínú bá ń bí i. Má tíì wá ohun tó máa dùn létí o. Tí voice note wọn bá ṣì wà lórí WhatsApp, gbọ́ ọ, kó o sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Èmi ní voice note kan tí màmá mi ṣe, "ṣó ti ń gbà á sílẹ̀ báyìí?" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ni oníbàárà bá dé, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í nájà èlùbọ́ lọ, wọn ò mọ̀ pé ó ṣì ń gbà wọ́n sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìlà tó dáa jù nínú ewì mi.

Ó wá kan oríkì, ibẹ̀ gan-an la ti fẹ́ tẹ́. Bàbá wa ọmọ Ọ̀fà ni, la bá kó "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" sínú ewì màmá wa, ẹ̀gbọ́n màmá wa obìnrin kà á, wọ́n ní "ṣé ilé ọkọ ni wọ́n ti bí i ni?" Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni màmá wa! Oríkì ilé bàbá obìnrin ni wọ́n fi ń kì í, ilé ọkọ kọ́. Nítorí náà má lọ ṣà á lórí Google, pe àgbà ilé yẹn, kó o gbà á sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń kì í.

"Ó di gbére, ó di àrìnnàkò", "má jọ̀kún má jekòló", ìyẹn náà dáa, àmọ́ ẹyọ kan ti tó, apá ìparí ni kó o fi sí.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé "ẹ" làwọn máa pe ìyá àwọn àbí "o". Nínú ewì, "o" ò burú, kò sẹ́ni tó máa sọ pé o ò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọdẹ tó ń sun ìrèmọ̀jé, ìyẹn orin arò ọdẹ, níbi ìṣípà ọdẹ tí wọ́n ń ṣe fún ọdẹ tó kú, òkú yẹn gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó jókòó síbẹ̀.

Má da ara ẹ láàmú pé ìparí ìlà gbọ́dọ̀ jọra bíi ti òyìnbó. Mú gbólóhùn kan, máa pa dà sí i, kó o máa yí ibì kan nínú ẹ̀, bí mo ṣe ṣe nínú ewì màmá mi:

Mo dé ìsọ̀, kóńgò ló kí mi.
Mo délé, kókó etí ìró ló kí mi.
Mo tẹ fóònù, ohùn rẹ ń bá mi nájà.

Kà á sókè dáadáa, ibi tí ahọ́n ẹ bá ti kọsẹ̀, gé e kúrò.

Tó bá jẹ́ níbi àìsùn lo ti máa kà á, tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá torí omijé ò ní jẹ́ kó o ríran, kó o sì fún ẹlòmíì ní ẹ̀dà kan. Èmi dé ibi "kókó", ohùn há mi lọ́fun, àbúrò mi gbà á, òun náà ò lè kà á lọ, làwọn ẹlẹ́gbẹ́ màmá wa lọ́jà bá gbé e láti ẹ̀yìn, "kóńgò ló kí mi, kóńgò ló kí mi", a ò tiẹ̀ kọ́ wọn.