Bí ẹ ó ṣe lo oògùn tó ń dènà họ́mónù fún jẹjẹrẹ ọmú

Ọdún 5 ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń lo oògùn yìí, ẹlòmíràn sì ń lò ó tó ọdún 10. Ohun tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jù ni kí èèyàn rọra pa á tì nítorí ìnira, láìsọ fún dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un. Ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tó wà lára páálí. Tamoxifen, 20 mg lójúmọ́, ń dí ibi tí ẹ́sítírójìn (họ́mónù obìnrin) ti máa ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Letrozole (2.5 mg), anastrozole (1 mg) àti exemestane (25 mg, lẹ́yìn oúnjẹ) ń dín ẹ́sítírójìn tí ara ń ṣe kù. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró pátápátá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà fún, àfi tí dókítà bá ń fi abẹ́rẹ́ dá ilé ẹyin dúró.

Pẹ̀lú tamoxifen, ooru a máa ru sókè lójijì, òógùn a sì máa bo èèyàn lóru. Ìyẹn ń ni èèyàn lára, ṣùgbọ́n kò léwu. Èyí tó léwu ni ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan: bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń ro yín, tó sì gbóná, tàbí tí èémí ò délẹ̀ tí àyà sì ń dùn yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró tí ẹ tún rí ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, ẹ lọ fi han dókítà, nítorí oògùn yìí lè mú kí inú ilé ọmọ nípọn, nígbà míì kó sì di jẹjẹrẹ. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé ẹ ń lò ó kí ó tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi paroxetine àti fluoxetine ń dín agbára tamoxifen kù. Ẹ béèrè òmíràn. Oyún ò gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tí ẹ ń lò ó, ó sì lè wọlé kódà bí nǹkan oṣù ò bá wá. Kọ́ńdọ̀mù ni kí ẹ lò, kì í ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní họ́mónù.

Ìrora oríkèé àti ìka tó le gbagidi láàárọ̀ ni ìṣòro letrozole àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrìn ojoojúmọ́ ń mú un fúyẹ́ ju ìjókòó lọ. Egungun náà ń dín kù láìdunni rárá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìwúwo egungun yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè nípa kálísíọ̀mù àti fítámì D.

Bí ẹ bá gbàgbé ti òní, tí ẹ sì tètè rántí, ẹ lò ó. Bí àkókò ti ọ̀la bá ti kù fẹ́ẹ́, ẹ fi èyí tí ẹ gbàgbé sílẹ̀; ẹ má lo méjì pọ̀.